Ẹ Mọ Ẹni Tó Máa Gbé Inú Ẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ilé: Bí A Ṣe Ń Ra Ilé Àyágbé Káàkiri Ìlú

Ilé àkọ́kọ́ tí mo rà láti fi máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, oṣù kìíní ọdún ni mo rà á, ní Ìbàdàn, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti kun ilé náà dáadáa: funfun lókè, búráùn láti ilẹ̀ dé orúnkún. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n mọ àwọ̀ yàn. Ìgbà tó di oṣù kẹfà ni mo tó mọ̀ pé búráùn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí omi ń dé lọ́dọọdún ni wọ́n fi ọ̀dà bò. Ayálégbé méjì kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kẹta ní kí n dá owó òun padà. Mo dá a padà, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ tọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ti ra méjì sí i, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, láti ìgbà tí owó ṣì wà ní báńkì títí dé ìgbà tí ayálégbé gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pa mọ́ kó lè gbówó lórí, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, mi ò ní bá a débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ayálégbé

Ìlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń yàn. Wọ́n á ní Èkó lowó wà, wọ́n á ní Ìbàdàn ń fẹ̀ sí i. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ Èkó kọ́ ló máa san owó ilé fún yín. Nọ́ọ̀sì kan ni, tàbí akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tó ń ta aṣọ ní Yaba. Ẹ mú bébà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹni yẹn sílẹ̀: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, níbo ló ti ń ṣe é, kí ló ń gbé e débẹ̀, èló ló lè kó jọ san lẹ́ẹ̀kan, kí ló sì máa lé e jáde. Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ ò tíì mọ ẹni tí ẹ fẹ́ fi ilé fún.

Ní Èkó, wákàtí tí ayálégbé ò ní lò nínú gósílóò ló ń san owó fún. Yàrá kan àti pálọ̀ tó mọ́, tó sún mọ́ ọ̀nà iṣẹ́, kì í ṣófo kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé ńlá oníyàrá márùn-ún ní ẹ̀yìn odi lè tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù láti Marina sí Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, aláwọ̀ pupa láti Agbádó sí Ọyìngbò tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Tí ejénti bá sọ pé ilé “ò jìnnà sí ojú irin,” ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ẹ ka ìṣẹ́jú. Ohun tó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ọkọ̀ míì ni wọ́n máa wọ̀, owó ọkọ̀ yẹn ni wọ́n sì máa yọ nínú ohun tí wọ́n lè san fún yín.

Mówe, Ìbàfò, Mágbọ̀rọ̀, Àkúté, Sángo: àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ló kún ibẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n ń sùn ní Ògùn. Ayálégbé dáadáa ni wọ́n, àmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ ni ọ̀gá wọn. Ọdún tí ọ̀nà bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń kó lọ. Ohun kan tún wà ńbẹ̀ tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn: ìpolówó á pe ibẹ̀ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ilẹ̀, Abẹ́òkúta ni ìwé rẹ̀ wà. Màá padà sórí ìyẹn.

Ìbàdàn kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo. Agbówó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ ni tibẹ̀. Àyíká Yemẹtu sún mọ́ ilé ìwòsàn UCH, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń wá ilé, wọn ò sì fẹ́ ariwo lọ́sàn-án nítorí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ òru. Akóbọ̀, Bódìjà, Olúyọ̀lé, ẹbí ló ń gbé ibẹ̀. Ẹbí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti fi ọmọ mẹ́ta sí ilé-ẹ̀kọ́ ládùúgbò kò ní torí ₦50,000 kó ẹrù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Mọ́níyà, àwọn kan wà tí wọ́n fi ìyàwó àtọmọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ń lọ Èkó ní Mọ́ńdè tí wọ́n ń padà ní Fúráìdè. Ẹ máa fetí sílẹ̀ fún irú wọn.

Ilé-Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ OAU, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni: Lágere, Mayfair, Parakin, títí wọ Modákẹ́kẹ́. Sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì ni wọ́n ń fẹ́, yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀. Owó tó ń wọlé lórí iye tí ẹ ná pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ, wàhálà rẹ̀ náà sì pọ̀ jù. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nínú yàrá mẹ́wàá tí mo ní níbẹ̀, mẹ́fà ṣófo. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé bàbá wọn ni, ta ló máa san owó yàrá tí kò sùn?

Àkúrẹ́, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, olú ìlú ìpínlẹ̀ ni gbogbo wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń pẹ́ nínú ilé, wọn kì í bá onílé jà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tí ipò wọn ga, ìlàjì owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Onílé tó ní fúláàtì mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́jọ ń gbé, agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìṣirò tí ejénti ò ní ṣe fún yín

Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye tó wà níbí, ẹ fi ti àdúgbò tí ẹ ń wò rọ́pò rẹ̀. Ká ní ilé onífúláàtì mẹ́rin kan wà ní Ìbàdàn, yàrá méjì-méjì, ₦48,000,000 ni wọ́n ń tà á. Ohun tí lọ́yà àti ejénti á gbà lè tó 10%, ₦4,800,000 nìyẹn. Kí ìwé tó bọ́ sórúkọ yín, ká fi ₦4,000,000 sí i. Páànù, ọ̀dà, páìpù, kí èèyàn tó lè wọbẹ̀, ₦3,200,000. Ó ti di ₦60,000,000.

Tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦750,000 wọlé lọ́dún, ₦3,000,000 ni gbogbo rẹ̀. Ejénti á fi ₦48,000,000 pín in, á ní ẹ ti jèrè 6.25%. Ẹ fi ₦60,000,000 pín in, 5% ni. Ẹ ò sì tíì yọ nǹkan kan. Fúláàtì kan ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rí ẹlòmíì: ₦187,500 ti lọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ tó ń tan omi, ₦20,000 lóṣù, ₦240,000. Ẹni tó ń bá yín gba owó, ₦280,000. Ẹ̀rọ omi tó jó, sóókàwéè tó kún, òrùlé tó ń jò, ₦400,000 kì í ṣe àsọdùn. Owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé, ₦60,000. Àròpọ̀ rẹ̀ ₦1,167,500. Ohun tó kù fún yín ni ₦1,832,500, ìyẹn 3% àti díẹ̀ lórí ₦60,000,000.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí: ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024, trẹ́sárì bíìlì ọlọ́dún kan, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń tà láti fi yá owó, ń san ju 20% lọ. Ẹ ò ní kun ọ̀dà, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Kí ló wá dé tí à ń ra ilé? Èmi rà á nítorí pé náírà tí mo bá fi síbi èlé, náírà yẹn náà ló ń padà wá bá mi, kódà bí àpò sìmẹ́ńtì bá ti di ìlọ́po méjì. Ilé máa ń bá sìmẹ́ńtì gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa fẹ́ lo owó yẹn láàárín ọdún méjì, kó má ra ilé rárá, torí títa ilé lè gba ọdún kan, ẹni tí ara ń ni tó ń wá oníbàárà kì í rí iye tó yẹ.

Òdiwọ̀n tèmi rèé. Tí ohun tó máa kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó kò bá tó 4%, tí mi ò sì rí ìdí gidi kan tí owó ilé á fi lọ sókè ládùúgbò yẹn láàárín ọdún mẹ́ta, mo máa ń dìde ni. Ìdí gidi ni ọ̀nà tí wọ́n ti ń dà á lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí olóṣèlú kéde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ lọ nígbà òjò, ẹ lọ lálẹ́, ẹ lọ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Mọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn dandan, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri: ọ̀dà tó tuntun ju ti òkè lọ, iyọ̀ funfun tó ń hó lára rẹ̀, ilẹ̀kùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ẹ wo fẹ́ǹsì aládùúgbò náà, torí ẹni tí kò ta ilé kì í kun fẹ́ǹsì rẹ̀. Ìbàdàn mọ ìtàn omi dáadáa. Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn tó rí i ṣì ń sọ ọ́.

Lálẹ́, iná ni kí ẹ wò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tó ń rí iná jù, sókè láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, òpópónà méjì tó fara kanra lè má jọ ara wọn mọ́. Band A yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Ayálégbé tí owó rẹ̀ ṣe déédéé á tẹ̀ lé iná yẹn wá, èyí tí owó rẹ̀ ò pọ̀ á sá fún un. Ẹ bèèrè èyí tí ilé wà, kí ẹ sì rí i pé fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀ àti pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Mítà kan fún fúláàtì mẹ́rin, ìjà ni ẹ rà yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ìyá kan ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì níwájú ilé kan tí mo fẹ́ rà ní Akóbọ̀. Mo ra ẹ̀wà ₦500, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Àwọn tó ń gbé ilé yìí, ṣé wọ́n máa ń pẹ́?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni àbí ẹ fẹ́ rà á?”

“Ó ṣeé ṣe kí n rà á, mà.”

“Ẹ lọ wo kànga wọn.”

Kò fi kún un. Mo jẹ ẹ̀wà mi tán, mo padà wọlé, mo ní kí wọ́n bá mi ṣí ọmọrí kànga. Òórùn tó jáde ti tó láti dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: sóókàwéè aládùúgbò wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí kànga náà. Ó kéré tán, ó yẹ kí àárín wọn tó mítà 15, tó bá tó 30 ló dáa jù. Ejénti ní bòhóò lè tún un ṣe. Mo ní kí ẹni tó ń tà á gbẹ́ bòhóò ọ̀hún kó tó tà á.

Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pa ju èèyàn 40 lọ, ilé àwọn olówó sì ni. Ẹ san owó fún ẹnjiníà tó máa yẹ òpó àti dẹ́kìn wò láì fọ́ ọ. Ní Èkó, ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà fún irú rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí ìjọba fi fọwọ́ sí pulánì ilé náà, kí ẹ ka iye àjà tó wà lórí bébà, kí ẹ sì ka èyí tó wà lójú yín. Tí ti ojú yín bá fi ọ̀kan lé, ẹ ti rí ìdí tí wọ́n fi ń tà á.

Ilé tó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, tàbí tó fara ti kánààlì, kò sí ẹ̀dínwó tó lè mú kí n rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní C of O (ìwé tí gómìnà fi jẹ́rìí pé ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀), tó bá fẹ́ tà á fún yín, fi gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ìdí náà sì nìyẹn tí ohun tí ẹ mọ̀ nílùú kan kì í fi í wúlò lódindi nílùú kejì. Alausa ni ti Èkó, Òkè-Mósàn ni ti Ògùn, Agodi ni ti Ọ̀yọ́, Abẹ̀rẹ̀ ni ti Ọ̀ṣun, Alágbàká ni ti Oǹdó. Mo máa ń gba lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tí ilé wà. Lọ́yà mi ti Ìbàdàn gbọ́n, ṣùgbọ́n tó bá dé Alausa, àlejò ni bíi tèmi.

Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ fún sọ́fíyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, kó gbé nọ́ńbà igun ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kó wò ó bóyá ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni. Ilẹ̀ ìjọba oríṣi méjì ló wà: èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ẹ sá fún un, àti èyí tó kàn gbà lápapọ̀ tó lè yọ̀ǹda apá kan padà fún ìdílé. Èyí kejì, àfi tí ẹ bá rí gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, tí orúkọ abúlé náà wà nínú rẹ̀. “Wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́” kì í ṣe gásẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ìwọ̀n náà: pulọ́ọ̀tì kan lè jẹ́ 60 ní 120 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́nu ẹnì kan, kó jẹ́ 50 ní 100 lẹ́nu ẹlòmíì. Iye mítà tó wà lórí sọ́fè nìkan ni kí ẹ gbà.

Lọ́yà á lọ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ bóyá báńkì ti gba ilé náà ṣe ìdúró, á wo ilé-ẹjọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú jù ni ilé ìdílé. Lábẹ́ òfin, tí ọmọ ìdílé kan bá ta ilé ìdílé láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà nǹkan kan. Tí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ìdílé, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Fún ilé tí ọmọ jogún lọ́wọ́ bàbá wọn, ẹ béèrè ìwé tí ilé-ẹjọ́ fi yan àwọn alábòójútó ogún, kí gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú. Lọ́dún kan, ọmọ ìyá mẹ́ta jókòó níwájú mi ní Òṣogbo, gbogbo ìwé pé, àbúrò wọn obìnrin tó kéré jù gbé tíì wá fún wa. Mo dúpẹ́, mo ní, “Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà?” Ó ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n wa Kẹ́hìndé wà ní Brazil.” Àwọn mẹ́ta tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Tíì yẹn ni mo mu, mi ò ra ilé.

Ní ti ọmọ onílẹ̀, Èkó ṣe òfin lọ́dún 2016 tó sọ fífi ipá wọ ilẹ̀ àti gbígba owó tipátipá lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé di ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ra ilé tí èèyàn ti ń gbé, wọn kì í sábà yọ yín lẹ́nu bíi ti ẹni tó ń da ìpìlẹ̀. Ìdí kan rèé tí mo fi fẹ́ràn ilé tó ti dúró ju ilẹ̀ òfìfo lọ, pàápàá nílùú tí mi ò gbé.

Ẹ gba báńkì san owó, sí orúkọ tó wà lórí ìwé. Kì í ṣe sí orúkọ ejénti.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdéhùn kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́

Òfin owó ilé Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé níbẹ̀ tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gba ọdún méjì. Ọjọ́ tí ìjà bá dé ilé-ẹjọ́, àwọn ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò.

Tí ẹ ò bá kọ iye ìgbà ìkìlọ̀ sínú àdéhùn, oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó fún ayálégbé tó ń san lọ́dọọdún, lẹ́yìn rẹ̀ ìkìlọ̀ ọjọ́ méje kí ẹ tó lọ ilé-ẹjọ́. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ẹ kọ ẹni tó ń tún páìpù ṣe, ẹni tó ń san owó sóókàwéè, bóyá ó lè fi yàrá kan ṣe ṣọ́ọ̀bù, iye èèyàn tó máa gbé inú ilé. Òfin ìpínlẹ̀ yòókù ò rí bákan náà, ibi tí owó lọ́yà ti wúlò nìyẹn. Onílé tó ṣí páànù lórí ayálégbé, tàbí tó gé iná rẹ̀, á di ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, bó ti wù kí gbèsè náà pọ̀ tó.

Nípa yíyan èèyàn, mo máa ń pe onílé tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ayálégbé ní kí n pè o, èmi fúnra mi ni mo ń lọ sádùúgbò yẹn. Gbogbo ìwé iṣẹ́ àti oníduròó dára, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ládùúgbò tó ti ń bọ̀ sọ jù wọ́n lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹni tó máa bá yín wò ó

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹni tí mo ń pè ní bàbá, àbúrò bàbá mi, ló ń bá mi gba owó ilé Ìbàdàn. Wọn ò jí i. Wọ́n kàn ń fi yanjú bùkátà ni, wọ́n á ní, “Ṣé o ò rí owó yẹn tó wọlé ni? Mo fi san owó ilé-ìwòsàn màmá ẹ.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán kí n tún ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò wá? Ẹni tí ẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ má fi owó ilé sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, ìyẹn yàtọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ilé kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, ibẹ̀ ni ayálégbé ń san owó sí tààrà. Ẹni tó ń bójú tó ilé kì í fọwọ́ kan owó ilé, ó ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Bíríkìlà, púlọ́ńbà, kápẹ́ńtà, mo ní nọ́ńbà wọn fúnra mi, èmi ni mo ń san owó wọn lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti fi fídíò iṣẹ́ ránṣẹ́. Ayálégbé kì í purọ́ lórí páìpù tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, gbogbo èyí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ ní ẹni méjì tí kò mọ ara wọn: ọ̀kan ń bójú tó ilé, èkejì ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ó ń ya fọ́tò, kò sì sọ fún ti àkọ́kọ́ ọjọ́ tó ń bọ̀. Kí ẹ tó rà á rárá, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fídíò pè yín láti inú ilé náà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, kí wọ́n rìn dé títì.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà wo ni ìlú kejì?

Ẹ jẹ́ kí ilé àkọ́kọ́ pé ọdún méjì. Ẹ ti rí òjò méjì, ẹ ti rí ayálégbé tó jáde, ẹ ti mọ ohun tí ilé ń jẹ. Tí ẹ bá wá fẹ́ kejì, ẹ má wá irú ayálégbé kan náà. Ìgbà tí ASUU ti ilé Ifẹ̀ mi, àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Ọdún tí ọ̀nà márosẹ̀ dí pa, ilé ẹ̀bá ààlà Èkó ló ń ṣófo, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti padà sí Ifẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ lè dé ìlú náà kí ẹ padà lọ́jọ́ kan. Àkúrẹ́ wù mí, ilé ibẹ̀ kò wọ́n jù, ṣùgbọ́n láti ibi tí mo wà, àfi kí n sùn. Mi ò tíì rà níbẹ̀.

Lọ́dọọdún, kí oṣù kejì tó parí, kí àkọ́rọ̀ tó rọ̀, mo máa ń rán kápẹ́ńtà gun òrùlé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kó ewé kúrò nínú gọ́tà, kó lu gbogbo ìṣó tó ti yọrí. Ní Ifẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ṣèdánwò tán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé ni púlọ́ńbà ń wọlé. Ní Ìbàdàn, mo gbẹ́ gọ́tà ńlá kan yí ilé náà ká, ó ná mi ju ohun tí ilé mú wọlé lọ́dún yẹn lọ. Omi kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà búráùn yẹn sílẹ̀ lára ògiri. Ẹni tó bá wá gba ilé, mo máa ń fi hàn án, mo máa ń sọ ọdún tí omi dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn.